Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò ẹgbẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ dá orúkọ àwa oníkẹ̀kẹ́ arọ padà

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa, Bàbá Alága, Màmá Akápò, Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò afẹ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gba àsọyípo. Nínú ìpàdé wa tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ka ìkéde pé Olúmọ la ń lọ lọ́dún yìí, ní Abẹ́òkúta, pé a ó gun àpáta, a ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wo ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun. Inú gbogbo wa dùn, a pàtẹ́wọ́. Gbólóhùn kan wá tẹ̀ lé e: kí àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lọ gba owó wọn padà lọ́wọ́ Akápò, torí pé ibi tí à ń lọ kò bá wọn lára mu. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́. Kó tó di alẹ́, ìkéde yẹn ti wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun ti kà á, ọ̀kan nínú wọn sì pè mí láti béèrè bóyá ara mi yá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba. Gbangba lẹ ti yọ orúkọ wa, gbangba náà ni kí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ló ń ṣe irú ìrìn-àjò báyìí lọ́dọọdún, tí irú ìkéde yìí sì ń jáde láàárín wọn láìsí ẹni tó máa bi wọ́n léèrè. Kí àwọn náà bá wa kà á.

1. Ẹ kò bi wá.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwa mẹ́ta la ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nínú ẹgbẹ́ yìí, gbogbo wa la sì wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ẹnikẹ́ni pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó ka ìkéde yẹn sí wa létí. Ká ní ẹ bi wá ni, ẹ̀ bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà.

Bàbá kan wà nínú wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá ọ̀tún. Bàbá yẹn lè gun àtẹ̀gùn mẹ́rin tàbí márùn-ún bí ẹnì kan bá di apá òsì rẹ̀ mú. Ìrìn tó bá jìn ló ń fi kẹ̀kẹ́ rìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Kò lè dìde dúró rárá, àmọ́ apá rẹ̀ méjèèjì le débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí ìjókòó mọ́tò. Èmi ni ẹnì kẹta. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló bá mi jà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo lè fi ọ̀pá méjì rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí mo bá sì dé ẹnu ihò tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, mo lè bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ mi, kí n fi ọwọ́ gbé ìdí mi wọlé. Bí mo ṣe ń rìn nínú ilé láti kékeré nìyẹn, kò sì tì mí lójú. Abẹ́ Olúmọ tí ẹ̀yin tí ẹ ga ní láti tẹ̀ kọrọdọ kí ẹ tó lè wọ̀, ó ṣeé ṣe kó rọ̀ mí lọ́rùn ju bó ṣe máa rọ̀ yín lọ́rùn lọ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó ń jà káàkiri ìgboro ti tán nílẹ̀ Áfíríkà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọpẹ́ sì ni fún àwọn tó ń gbé oògùn àjẹsára kiri ojúlé. Ṣùgbọ́n àwa tó ti mú kó tó lọ ṣì wà. A ti dàgbà, a ní ìyàwó, a ní ọkọ, a bímọ, à ń ránṣọ, à ń tún bàtà ṣe, à ń kọ́ ọmọ níléèwé, à ń san owó ẹgbẹ́. Ẹ máa bá wa pàdé nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó bá wà nílùú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

2. Àwọn tó sá ogun ni abẹ́ àpáta yẹn gbà.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí à ń lọ wò. Ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ṣódẹkẹ́ sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ odò Ògùn lọ́dún 1830. Abẹ́ Olúmọ di ibi ìsádi wọn. Àwọn yàrá abẹ́ àpáta náà wà níbẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú àwọn kòtò kéékèèké lára òkúta tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ. Ṣé àwọn géńdé nìkan ló sá wọ ibẹ̀ ni? Kò sí ìlú tó ń sá fún ogun tí kò ní arúgbó tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí kò ní aboyún, tí kò ní ẹni tí ọfà ti bà lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn láàárín wọn, ẹnì kan ló pọ̀n ọ́n. Ibi tí wọ́n pọ̀n wọ́n gbà kọjá ni à ń sanwó lọ wò.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Nínú ọ̀rúndún yẹn kan náà, nígbà tí ogun Fúlàní láti Ìlọrin ń tú àwọn ìlú Ọ̀yọ́ ká, ìlú tiwa kò ṣeé ṣẹ́, àwọn ará ìlú tó fọ́ sì ń wọ́ wá síbí láti wá forí pamọ́. Ọ̀pọ̀ agbo ilé tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí, tí ẹ bá gbọ́ oríkì wọn, ẹ ó mọ̀ pé ibòmíràn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Àwọn baba ńlá wa kò dúró sẹ́nu odi láti máa yẹ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ wò.

Ní ti òkè àpáta fúnra rẹ̀, òótọ́ ni pé Olúmọ ga. Ó tó mítà 137 sí ojú òkun, àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2006, wọ́n kọ́ lífìtì sí i, wọ́n sì kọ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ béèrè lórí fóònù kò pọ̀: Ṣé lífìtì yẹn á máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí à ń bọ̀? Bí kò bá sí iná, ṣé jẹnẹrétọ̀ wà, ṣé dísù wà nínú rẹ̀? Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ẹnu lífìtì, àtẹ̀gùn mélòó ló wà? Ọ̀nà abẹ́ àpáta fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mélòó níbi tó ti há jù? Mo bi Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé bóyá ẹnikẹ́ni ti pe ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, pé ta ni kò mọ̀ pé òkè ni Olúmọ.

3. Ibi tó jìn ju Olúmọ lọ wà, kẹ̀kẹ́ arọ sì ń wọ ibẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Poland, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Wieliczka, ihò kan wà tí wọ́n ti wa iyọ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí di ọdún 1996. Nígbà tí UNESCO bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé sílẹ̀ lọ́dún 1978, ó wà lára méjìlá tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Àlejò tó bá fi ẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀, nǹkan bí àtẹ̀gùn 380 ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, òmíràn ṣì wà níwájú. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní mítà 101 sí abẹ́ ilẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n sọ ní orúkọ Kinga Mímọ́. Iyọ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀, iyọ̀ ni pẹpẹ rẹ̀, àwọn ère ara ògiri rẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n gbẹ́. Àní ohun tó ń dán yinrin lára fìtílà ńlá tí wọ́n so rọ̀ láti òkè, iyọ̀ ni. Àwọn awakùsà ló fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ.

Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ń dé inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Lífìtì ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà kan sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe kí kẹ̀kẹ́ lè yí lórí rẹ̀. Kò lè dé gbogbo ibi tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń dé. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú pé òun ń bọ̀, kí wọ́n lè múra sílẹ̀ dè é. Èmi kò béèrè ju ìyẹn lọ láyé mi.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ihò àpáta Carlsbad ti ní lífìtì láti àwọn ọdún 1930. Fọ́ọ̀tì 750, ìyẹn nǹkan bí mítà 229, ló ń gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀, apá kan lára ọ̀nà inú gbọ̀ngàn náà sì ṣeé fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn.

Ibi tí kò ṣeé ṣe náà wà, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Lábẹ́ ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n kó egungun àìmọye òkú sí, àtẹ̀gùn 131 ni àlejò ń sọ̀ kalẹ̀, 112 ló sì ń gùn jáde. Àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ayé láìfi bọpo bọyọ̀ pé kò ṣeé ṣe fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n sọ iye àtẹ̀gùn, oníkálukú á sì mọ èyí tí agbára rẹ̀ ká. Mo lè gba irú ìdáhùn yẹn, torí pé ẹni tó ti ka àtẹ̀gùn ló sọ ọ́. Èyí tí mi ò lè gbà ni ti ẹni tí kò kà á, tí kò pe ẹni tó kà á, tó sì ti dájọ́ tán.

4. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù ní àtúnṣe.

Màmá Akápò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, a kò fẹ́ kí ẹ ṣubú ni.” Mo mọ̀ pé inú ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbígbé kẹ̀kẹ́ arọ gun àtẹ̀gùn, iṣẹ́ tó ṣeé kọ́ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ síbí, kí ẹni tó bá kà á lè lò ó fún ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ibi tí ẹ lè dì mú. Ẹ má ṣe di ibi ìgbọ́wọ́lé mú, torí pé ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ṣeé yọ. Bí ẹ bá ti fà á sókè, á yọ sí yín lọ́wọ́, ẹni tó jókòó á sì dojú bolẹ̀. Ẹ má di táyà mú, torí pé yóò yí. Irin tó gbé ìjókòó ró gan-an ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó lágbára jù ni kó wà lẹ́yìn, kó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kó dà á sẹ́yìn díẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ á fi dúró lórí táyà ńlá méjèèjì. Ẹnì kejì á wà nísàlẹ̀ níwájú, á di irin mú nítòsí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Yálà ẹ ń gùn tàbí ẹ ń sọ̀, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kó kọjú sí òkè, kí ojú ẹni tó jókòó wà sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí àwọn méjèèjì máa gbé e, àtẹ̀gùn kan lẹ́ẹ̀kan, táyà ńlá ni kó máa yí gun ibẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń kà á: ó di ọ̀kan, ó di èjì. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ pàṣẹ mọ́ ọn. Ohun tó máa ń fa ìṣubú ni kí èèyàn mẹ́fà ya bo kẹ̀kẹ́ kan, kí oníkálukú máa fà á síbi tó wù ú, torí pé gbogbo wọn fẹ́ ṣàánú.

Lórí òkúta wẹ́wẹ́, àwọn táyà kékeré iwájú ló máa ń rì. Bí ẹ bá ń tì í síwájú, ńṣe ló máa túbọ̀ gbẹ́lẹ̀ sí i. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ máa fà á bọ̀.

Ní ti ibi tó bá ní àtẹ̀gùn díẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ onírin á ṣe é. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ ń lò ni pé bí gíga bá jẹ́ ọ̀kan, gígùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á jẹ́ méjìlá. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ 45 lápapọ̀. Gígùn rẹ̀ á wá jẹ́ 540, ìyẹn mítà márùn-ún ó lé díẹ̀. Ìwọ̀n yẹn wà fún ẹni tó ń dá ti ara rẹ̀. Bí géńdé méjì bá wà lẹ́yìn tí wọ́n ń tì, pẹpẹ irin méjì tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ á gbé wa dé òkè. Kò sí wẹ́dà kan ní Sábó tí kò lè jó o. Á wọ inú bọ́ọ̀sì, á sì wúlò fún gbọ̀ngàn ìpàdé wa náà, tó ní àtẹ̀gùn méjì lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí wọ́n ti ń gbé mi gùn láti ọjọ́ tí mo ti di ọmọ ẹgbẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tèmi, láti etí táyà kan dé etí ìkejì, sẹ̀ǹtímítà 63 ni. Ẹnu ọ̀nà tó bá ti fẹ̀ tó 80, mo máa ń kọjá láìfi ọwọ́ ha ògiri. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kì í wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni: ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í fẹnu kan omi láti ìdájí ọjọ́ tí a bá ń rìnrìn-àjò, torí pé a kò mọ̀ bóyá ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi tí à ń lọ máa gba kẹ̀kẹ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba Ọ̀yọ́, gba Ìbàdàn, kí a tó dé Abẹ́òkúta, nínú ooru, láìmu omi. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù àìsàn wa lójú ọ̀nà, ibi tí àìsàn ti ń wá nìyẹn. Ìpè kan lórí fóònù á yanjú rẹ̀.

5. Mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a lè bá yín lọ kí a dúró síta. Nígbà kan, ẹgbẹ́ mìíràn tí mo wà nínú rẹ̀ lọ wo ihò àpáta kan. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ibẹ̀. A dé, gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, “A ń bọ̀ o, a kò ní pẹ́.” Dírẹ́bà gbé bọ́ọ̀sì sábẹ́ igi, nígbà tí òòrùn yí, ó tún un gbé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin wọlé. Mo gbọ́ bí ohùn wọn ṣe yí padà nígbà tí wọ́n wọ abẹ́ òkúta, ó wá ń dún bíi pé inú kànga ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá wá dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò wọlé. Mo fi kẹ̀kẹ́ mi hàn án. Ó ní, “Ṣé wọn ò lè mú yín gba ẹ̀yìn ni?” Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń ti bárò omi dé ìtòsí ẹnu ihò náà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, kò ní àtẹ̀gùn kankan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ibẹ̀. Nígbà tí mo máa fi gbọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń jáde bọ̀, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ orúnkún wọn. Wọ́n mú fóònù wá kí n wo fọ́tò. Òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀, àfi eyín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí ìkà kankan nínú àwọn ènìyàn yẹn. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wò mí, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò bi í. Ọ̀nà bárò sì wà níbẹ̀.

6. Ibi tí òfin wà.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà fún gbogbo ilé àti ibi tó jẹ́ ti aráàlú ní ọdún márùn-ún láti di ibi tí àkàndá ẹ̀dá lè wọ̀. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹni tó bá ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, ó lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ méjèèjì. Ilé iṣẹ́ á san ₦1,000,000. Nàìjíríà tún wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, abala 30 nínú rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ nípa àṣà, ìgbafẹ́ àti àǹfààní láti dé ibi ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mi ò ní gbé ẹgbẹ́ mi lọ sílé ẹjọ́ láéláé, kí ọkàn yín balẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè fi bá àwọn tó ń ṣàkóso ibikíbi tí à ń lọ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín lórí fóònù pé kò sí ètò fún àwa oníkẹ̀kẹ́, ẹ má dákẹ́, ẹ má dúpẹ́, ẹ má sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ rán wọn létí ọdún 2024.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín rèé:

Kí ẹ dá orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú ìwé ìrìn-àjò, kí ẹ sì gbé ìkéde mìíràn sórí WhatsApp níbi tí ẹ gbé ti àkọ́kọ́ sí. Owó tèmi ṣì wà lọ́wọ́ Màmá Akápò, mi ò lọ gbà á.

Kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ pe Olúmọ lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè ọ̀rọ̀ lífìtì, jẹnẹrétọ̀, iye àtẹ̀gùn, fífẹ̀ ọ̀nà abẹ́ àpáta àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kó kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó sì kà á sétí ìpàdé. Bó bá jẹ́ pé lífìtì kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ fún wa, àwa fúnra wa la ó pinnu bóyá a fẹ́ lọ. Mo lè sọ tèmi fún yín nísinsìnyí: mo fẹ́ lọ. Bí mi ò bá dé orí àpáta, mo fẹ́ dé abẹ́ rẹ̀.

Kí afinimọ̀nà sọ gbogbo ìtàn náà fún gbogbo wa nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bí àwọn kan bá ń gùn, kí àwọn kan bá wa dúró ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n sì pààrọ̀ ara wọn. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú kò jìnnà síbẹ̀, a lè jọ parí ọjọ́ náà sí ibẹ̀, gbogbo wa. Kí bọ́ọ̀sì má ṣe ní ènìyàn nínú nígbà tí ìyókù wà níta.

Kí ẹ fún wa ní ọ̀dọ́ mẹ́fà, méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa ni kí a fi kọ́ wọn, kí àwa tí wọ́n máa gbé sì jẹ́ olùkọ́.

Kí ìjókòó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì jẹ́ tiwa, kí wọ́n sì to kẹ̀kẹ́ síbi tí ẹrù kò ti ní tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí irin rẹ̀ bá tẹ̀, a kò lè ṣe nǹkan kan títí a ó fi padà délé.

Láti ọdún tó ń bọ̀, kí ọ̀kan nínú wa wà nínú ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń dábàá Ọ̀yọ́-Ilé, nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ (Old Oyo National Park) tó ní olú ilé iṣẹ́ ní Ìsokùn, Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ jìn, ọ̀nà igbó ni, àwọn àpáta àti ihò àpáta sì wà níbẹ̀. Ó wù mí láti dé ibẹ̀ ju ibikíbi lọ, torí ilẹ̀ tí gbogbo wa ti ṣẹ̀ wá ni. Ìsokùn kò jìnnà sí wa. Kí ẹni tó bá máa lọ béèrè ọ̀nà mú ọ̀kan nínú wa dání.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀ ni mo ń retí èsì yín, kí wọ́n kà á sókè bí wọ́n ṣe ka ìkéde. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ rí mi ṣáájú ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Arówómọ́lẹ̀ wà ní ṣíṣí lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Àìkú. Téèpù wà níbẹ̀ tí a lè fi wọn ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì kí ẹ tó sanwó rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti san owó ìrìn-àjò,
Ògbómọ̀ṣọ́.